Ẹ̀rọ Tí Olúkọ́lá Fi Sílẹ̀ Nínú Búùtù

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń hanrun, tí wọ́n sì ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Olúkọ́lá, Tudun Wada nílùú Jos ni ilé rẹ̀ wà. Bó bá ti sùn, èémí rẹ̀ á dá dúró, á ta jí, á tún sùn, bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Á wá máa tòògbé lórí tábìlì ní ọ́fíìsì. Dókítà fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú, pẹ̀lú ìbòmú tí wọ́n ń so mọ́ orí. Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ ò bá fi ẹ̀rọ yìí sùn, ẹ má wakọ̀ lọ́jọ́ kejì."

Ara Olúkọ́lá balẹ̀. Mojọlá, ìyàwó rẹ̀, náà ráyè sùn. Lẹ́yìn Mojọlá, ẹnì kan ṣoṣo ni Olúkọ́lá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fún, ìyẹn Adédìran, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan láti kọ́lẹ́ẹ̀jì.

2.

Lọ́dọọdún, àwọn tó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn máa ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ náà dùn ju ọjọ́ Kérésì lọ! Àṣà wọn ni pé àwọn ọkùnrin á sùn pọ̀ sórí ẹní nínú gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Àpáta ní Jos, bí ìgbà tí wọ́n wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Tó bá di àárọ̀, wọ́n á mu kúnú gbígbóná, wọ́n á jẹ kósáì, ìyẹn àkàrà àwọn Hausa, wọ́n á so ewé mọ́ ọkọ̀, wọ́n á sì tò tẹ̀ lé ara wọn pẹ̀lú hóònù títí dé pápá ní Zawan. Ẹni tí kò bá sùn ní gbọ̀ngàn kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ẹgbẹ́.

Nígbà tí ti ọdún yìí dé, Mojọlá gbé ẹ̀rọ sínú búùtù bọ́ọ̀sì ọkọ rẹ̀. "Bàbá Tèmídayọ̀, ẹ má jẹ́ kójú tì yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùn."

"Mo ti gbọ́."

Nígbà tó wọ gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́, kí ló bá? Adédìran ló dúró láàárín èrò, ó fi ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù bo imú, ó ń mí fúù, fúù. "Bí Kọ́lá ṣe ń sùn rèé! Erin ti dé o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Olúkọ́lá bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn ún dé egungun. Ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Adé, ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

"Haba mana! Eré ni. Fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ lónìí nìkan. Èmi ni màá wa bọ́ọ̀sì ẹ lọ́la. Wallahi, o ò ní fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́."

Olúkọ́lá gbà. Ẹ̀rọ wà nínú búùtù, òun wà lórí ẹní.

3.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú Olúkọ́lá wúwo, orí ń fọ́ ọ. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ bá Adédìran. Adédìran ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó máa ṣíwájú, ó gbé àsíá ẹgbẹ́ dání.

"Àsíá ni wọ́n ní kí n gbé. Wà á jàre, ibi tí à ń lọ kò jìnnà."

Ṣebí ó yẹ kó sọ pé, "Mi ò sùn, mi ò lè wakọ̀"? Kò sọ ọ́. Ẹ̀rín àná ṣì ń dún létí rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀.

Tabitha ló jókòó tì í níwájú. Òun ló ń ṣọ́ gólì fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin nígbà ayé wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì ti di tíṣà eré ìdárayá nísinsìnyí. Ó wo Olúkọ́lá.

"Kọ́lá, sannu, pẹ̀lẹ́ o. Ojú ẹ mà pọ́n."

"Òtútù ni."

Lójú ọ̀nà Zawan, nínú gbogbo ariwo yẹn, oorun gbé e. Kò ju kí ènìyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Bọ́ọ̀sì yà kúrò lójú títì, ó forí sọ igi. Hóònù rẹ̀ há, ó ń dún ṣáá. Àwọn tó wà níwájú rò pé ìdùnnú ni, wọ́n ń fi tiwọn dáhùn, wọ́n ń bá eré wọn lọ.

4.

Egungun ìhà Olúkọ́lá méjì ló kán. Orúnkún Tabitha fọ́, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, Adédìran dìde láìfojú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé ara òun kò yá. Ká ní a mọ̀ ni, ta ló máa jẹ́ kó wakọ̀?" Gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín ní gbọ̀ngàn ló wà níjókòó. Kò sí ẹni tó ta kò ó.

Inú Olúkọ́lá bàjẹ́ gidigidi. Ó gba ọsibítù lọ, ó jókòó ti ibùsùn Tabitha, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀: ìbọ̀sẹ̀, ìlérí, àsíá, irọ́ tí wọ́n pa ní ìpàdé. Ó ń sunkún.

"Adédìran dalẹ̀ mi, Tabitha. Ọ̀rẹ́ mi àtàtà!"

Tabitha jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Nígbà tí mo ní ojú ẹ pọ́n, ṣé o mọ̀ pé oorun lè gbé ẹ?"

Olúkọ́lá nu omijé ojú rẹ̀. "Mo mọ̀."

"O mọ̀, o wá ní òtútù ni." Ó fa aṣọ ìbora bo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. "Ó dáa. Adédìran dalẹ̀ ẹ. Èmi ńkọ́, Kọ́lá? Ta ló dalẹ̀ mi?"

Tabitha kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àìsàn ọ̀rẹ́ yín pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, ẹ jáwọ́. Ẹ̀yin tí dókítà fún ní ẹ̀rọ, ẹ gbé e dé gbogbo ibi tí ẹ bá ń sùn, ìbáà jẹ́ ààfin ọba. Bí ẹ ò bá sì sùn, ẹ sọ ọ́ síta, kí ẹ fún ẹlòmíì ní kọ́kọ́rọ́. Ìtìjú ọjọ́ kan kò tó ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.