Ọjọ́ Tí Àbẹ̀kẹ́ Kò Sá

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ìtàn yìí kò dùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ. Ní ìlú Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin kí ọba lẹ́yìn ìrun Iléyá, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bùráímọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìkà, àmọ́ ó fẹ́ràn kí ayé máa pariwo orúkọ òun jù. Tí ènìyàn méjì bá ń rẹ́rìn-ín lọ́nà, yóò rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bùráímọ̀ ra abo ẹṣin kan lọ́wọ́ ẹnìkan tó jẹ́ pé pàṣán ló fi ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀. Àpá kún ẹ̀yìn ẹṣin náà. Bí ènìyàn bá gbọ́wọ́ sókè láti nu òógùn lásán, ẹranko náà á ti sá dé ìdí ògiri. Bùráímọ̀ fẹ́ fi okùn àti ìjánu borí rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Jìnádù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ti fi ogójì ọdún tọ́ ẹṣin, gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Fún un láyè,” ni Bàbá wí. “Dúró sí àárín ọgbà. Tó bá kẹ̀yìn sí ọ, má lé e. Tó bá yíjú sí ọ, sún sẹ́yìn díẹ̀, kó lè mọ̀ pé o rí òun. Ọjọ́ tó bá fẹ́, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.”

“Bàbá, tí kò bá wá ńkọ́?”

“A jẹ́ pé kò tíì tó àkókò nìyẹn. Lọ jẹun, kí o padà wá lọ́la.”

Ó ni Bùráímọ̀ lára, síbẹ̀ ó ṣe é. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń dúró lójú oòrùn bí akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ fìyà jẹ. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ẹṣin náà wá, ó sì gbé imú lé e léjìká. Bùráímọ̀ sunkún. Ó sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, nítorí ẹ̀bẹ̀ ló fi rí i gbà. Láti ìgbà náà, tó bá rìn, ẹṣin á rìn. Tó bá yà sọ́tùn-ún, òun náà á yà, láìsí okùn, láìsí ìjánu. Àwọn aládùúgbò a máa yọjú lórí ògiri láti wò wọ́n, orí Bùráímọ̀ a sì máa wú.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun á mú Àbẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ọba láìso okùn mọ́ ọn.

“Àwọn ọdẹ máa ń yìnbọn níbẹ̀,” ni Bàbá Jìnádù wí. “Kò tíì gbọ́ ìbọn rí. Fi í sílé lọ́dún yìí.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ibikíbi tí mo bá wọ̀, ó máa bá mi wọ̀ ọ́.”

Lọ́jọ́ ọdún, ojúde ọba kún fọ́fọ́. Bùráímọ̀ ń yan lọ, Àbẹ̀kẹ́ ń tẹ̀lé e, àwọn èrò sì ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni àwọn ọdẹ yin ìbọn ṣakabùlà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹṣin mẹ́ta gbé ẹni tó gùn wọ́n sá lọ, tàwọn ti ìjánu lẹ́nu. Àbẹ̀kẹ́ kò sá. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó tilẹ̀ tọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀, ó tẹjú mọ́ Bùráímọ̀.

Bùráímọ̀ pè é, ẹṣin náà kò lè gbẹ́sẹ̀. Ó tún pè é. Ọkùnrin kan bá ké láti àárín èrò pé, “Bùráímọ̀, ṣé òpó lo mú wá kí Kábíyèsí ni?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú dé bá Bùráímọ̀ débi pé kò ronú mọ́. Ó já pàṣán gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin kan, ó sì na Àbẹ̀kẹ́ lójú lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ti tó, ẹ̀yin ọmọ mi. Àbẹ̀kẹ́ wò ó, ó yí padà, ó sì dá rìn lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Bùráímọ̀ padà sí àárín ọgbà. Ó dúró, ó sún sẹ́yìn, ó bẹ̀bẹ̀. Ọdún méjì kọjá, ẹṣin náà kò wá mọ́. Bàbá Jìnádù nìkan ló kù tó ń gbà kó fọwọ́ kan òun. Bàbá kò bínú. Ó kàn ní, “Ọmọ mi, nítorí rẹ ló ṣe dúró níjọ́sí. Ìwọ ni kò rí i.”

Ní ọdún kẹta, lẹ́yìn tí Bàbá ti kú, inú rírun dá Àbẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bùráímọ̀ gbé àgbo wá. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ kan, ẹṣin náà fi tipátipá dìde, ó ń wọ́ ara rẹ̀ lọ sí ìdí ògiri. Ó tún gbẹ́sẹ̀, òun náà tún sá. Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, Bùráímọ̀ gbé àgbo kalẹ̀. Ó ti yé e pé bí òun bá fẹ́ kó sinmi, àfi kí òun jáde. Ó jáde, ó jókòó sẹ́yìn ògiri, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí, títí tí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí. Ẹni tó ń tẹ̀lé yín láìjẹ́ pé ẹ so ó mọ́lẹ̀, ìfọkàntán nìkan ló ń mú un tẹ̀lé yín. Ẹ má ṣe torí ẹ̀rín òǹwòran já a kulẹ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ti lọ sílé wọn lọ jẹ ẹran Iléyá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bá Bùráímọ̀ jókòó lọ́jọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ kú.