Ọmọ Tí Wọ́n Rí ní Ibùdókọ̀ Sukhoyar

Ojú irin ló bí ìlú Sukhoyar. Kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, koríko nìkan ló wà níbẹ̀. Ní ọdún 1933, nígbà tí ìjọba ti kó ọkà gbogbo abúlé lọ tán, ibẹ̀ nìkan ni búrẹ́dì kù sí, fún àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin nìkan. Àwọn ìyá abúlé a máa gbé ọmọ wọn sílẹ̀ ní ibùdókọ̀, wọn a sì sá lọ. Ọmọ tí kò bá ní ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ ojú irin ọjọ́bọ̀ a gbé e lọ sí ilé ọmọ òrukàn. Èyí tó bá ní ìyá, wọn a dá òun àti ìyá rẹ̀ padà sínú ebi.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, Motria, tó ti ń gbá ibùdókọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbé ọmọkùnrin kan tọ ọ̀gá lọ. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Kò lè dúró de ọkọ̀ mìíràn.

"Abẹ́ àga ni mo ti rí i, ọ̀gá."

"Ìkẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí," ni Hordiy, ọ̀gá ibùdókọ̀, wí. "Ṣé ò ń gbìn wọ́n ni?"

"Bí mo bá rí nǹkan gbìn ni, ọ̀dùnkún ni ǹ bá gbìn."

Hordiy kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí obìnrin kan tó jókòó ti ògiri, tó ń sunkún. "Ìwọ! Tìẹ ni, àbí? Ojú ẹ ti jẹ́wọ́."

"Tèmi kú lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá."

"Irọ́ ni gbogbo yín ń pa." Ó ju èérún búrẹ́dì kan sí Motria. "Fún ọmọ náà. Ọmọ tó bá ní ìyá nítòsí, ìyá ẹ̀ ló máa gbé búrẹ́dì lọ bá."

Ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, kò wo obìnrin náà. Ó ki orí bọ àyà Motria. Motria tì í kúrò.

"Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ o!"

"Ibi tó gbóná ló ń wá, ọ̀gá. Ológbò náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Orúkọ ẹ̀?"

"Ta ló máa sọ fún mi?"

Hordiy wo aago, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé tí ọmọ náà máa fi wọ ọkọ̀.

Motria gbé ọmọ náà fún olùtọ́jú ọmọ òrukàn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Ọmọ náà ké, ó na ọwọ́ méjèèjì. Motria mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ń gbálẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ náà kò hàn mọ́, ó lọ sẹ́yìn ilé tí wọ́n ń tọ́jú omi ọkọ̀ sí, ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fún ìwọ̀nba wàrà tó kù ní ọmú rẹ̀ dà sórí yìnyín.