Obìnrin Tó Ń Retí Wa Létí Òkun

Ìdájí la kúrò ní Ìlọrin. Oòrùn ti ń wọ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa dé erékùṣù tí a fẹ́ ti gbafẹ́. Akínlàjà, ọkọ mi, ti búra fún mi pé òun ò débẹ̀ rí.

Àmọ́ atukọ̀ kí i pé, "Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ti ń retí yín."

Ta ló ń retí ọkọ mi?

Láìbéèrè ọ̀nà, Akínlàjà gba àbùjá kan láàárín igi àgbọn. Obìnrin kan ń kọrin lápá òkun, ọkọ mi sì ń gbè é lábẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà tí mo ti wà nílé rẹ̀, n kò gbọ́ orin yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Mo fa ẹ̀wù rẹ̀. "Ṣé àlè yín nìyẹn? Kó jáde sí mi! Èmi nìkan lẹ fẹ́!"

Orin náà dákẹ́. Obìnrin náà rìn jáde látinú òkun, ẹ̀kán omi kan ò sì sí lára aṣọ rẹ̀.

Ọkọ mi ṣí fìlà. "Àwẹ̀ró," ó rọra wí fún mi, "kúnlẹ̀ kí ìyálé rẹ."

Orúnkún mi ti kan iyanrìn kí n tó rántí pé inú ń bí mi.