Ewé Ìkòkò Kẹjọ

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, mi ò fẹ́ pariwo èyí. Ó ti rẹ Àwẹ̀ró tẹnutẹnu lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti àárọ̀ ló ti ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, bí àwọn amọ̀kòkò ṣe máa ń ṣe, tó ń fọwọ́ dán amọ̀. Ewé tútù ló máa ń tẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, kí àwòrán ẹ̀ lè hàn. Méje ti parí. Ẹ̀kẹjọ ló kù, ọyẹ́ sì ti mú kí gbogbo ewé igbó gbẹ. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, amọ̀ ti le nìyẹn, oníbàárà tó ní kó mọ mẹ́jọ ò sì ní gba méje.

Ló bá gbọ́ tí nǹkan ń tẹ ewé gbígbẹ lẹ́yìn ẹ̀, ṣàkà ṣàkà. Bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá àgbàlá ni o! Ìyá arúgbó kan ló dúró síbẹ̀, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

"Ẹ káalẹ́, mà."

"Káalẹ́, ọmọ mi. Ojú ẹ ti wọnú. Ṣé ìkòkò ń jẹ ẹ́ ni?"

"Ọ̀kan péré ló kù, mà. Mi ò rí ewé."

"Jókòó. Ó rẹ èmi náà, ọyẹ́ yìí le."

Àárẹ̀ ò jẹ́ kí Àwẹ̀ró jiyàn. Ìyá yẹn fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, ṣàkà ṣàkà, lórí ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ amọ̀, ó rọra mú un kúrò.

Àwẹ̀ró gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Kò sí àmì ìka kankan níbẹ̀. Ewé ni, ewé fífẹ̀ kan, pẹ̀lú gbogbo iṣan ẹ̀.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, àbí kí n tẹ ìkejì?" ni ìyá yẹn bi í, ó sì na ọwọ́ kejì sínú ìmọ́lẹ̀.