Ìtọ́jú Ìyálé

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Ìbafò ni Alhaja Ròkíátù ti máa ń pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Ìyàwó o! Ìyàwó!"

Sùwéébátù, ìyàwó tó ń pè, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ tó fẹ́ àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ ti fọ́n ká, ṣùgbọ́n ìyálé ṣì ni ìyálé. Sùwéébátù á di orúnkún mú, á dìde, á lọ kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyálé mi. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Dáadáa bíi báwo? Gbé oògùn mi wá."

Oògùn yìí ló ń bí Sùwéébátù nínú jù. Alhaja kì í fi kan ẹnu àfi tí ìyàwó bá kọ́kọ́ gbé ọ̀kan mì lójú rẹ̀. Ó ní òun mọ orogún, ẹni tó bá fẹ́ pa òun, kó kọ́kọ́ pa ara rẹ̀ ná. "Ya ẹnu kí n rí i," ni yóò wí. "Gbé ahọ́n sókè." Sùwéébátù á ya ẹnu, á gbé ahọ́n sókè bí ọmọ jẹ́léósinmi. Alhaja á wá di tirẹ̀ mọ́wọ́, á ní òun máa lò ó tó bá yá.

Ọdún tí Sùwéébátù ṣubú lẹ́yìn ilé ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òòyì ló kọ́ ọ. Alhaja fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Mowé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní kó jókòó kí àwọn sọ̀rọ̀. Sùwéébátù ní òun ò jókòó, òun ò ṣàìsàn rí láyé òun, ebi lásán ló ń pa òun, ó sì bọ́ síta lọ ra búrẹ́dì. Alhaja ló jókòó ti dókítà. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní wọ́n ti yẹ òun náà wò, wọ́n ní òun ò gbọdọ̀ ṣe wàhálà mọ́. Ọjọ́ kejì ló dùbúlẹ̀.

Ìyà wá dé bá Sùwéébátù. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, Alhaja sì ní dókítà ní òun ò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, nítorí náà ọbẹ̀ ilé di omi lásán. Ọsàn wà lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n ti inú ọjà ni Alhaja ń fẹ́. Kí Sùwéébátù sì fẹsẹ̀ rìn o, nítorí ọ̀kadà máa ń gbọn adùn ọsàn dànù. Ọ̀rọ̀ kí lèyí? Ọsàn náà á dé, Alhaja ò ní jẹ ẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀: "Kí la jẹ lánàá, Ìyàwó? Ka orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wa fún mi." Tí Sùwéébátù bá fo ẹnì kan, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Àánú a máa ṣe é nígbà mìíràn pé orí obìnrin yìí ti dàrú tán.

Jamilah, ọmọ Sùwéébátù tó ń gbé ní Ìfọ̀, gbọ́ pé ó ti rẹ ìyá òun. Ó gbé mọ́tò wá.

"Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Arúgbó ń tọ́jú arúgbó, irú kí nìyẹn? Mo ti ra àga onítìmùtìmù fún yín. Ẹ máa kàn jókòó ni, ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ohun tó bá wù yín lẹ máa jẹ."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Iyọ̀ rẹpẹtẹ!"

Inú Sùwéébátù dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ẹrù, ó wá kúnlẹ̀ dágbére.

"Ta ló máa tọ́ oògùn mi wò?" ni Alhaja bi í.

"Jamilah á wá ẹnì kan fún yín, Ìyálé mi."

"Mi ò fẹ́ ẹnì kan. Ìwọ ni mo fẹ́. Tó o bá lọ, mi ò ní lo oògùn mọ́. Màá kú, ìwọ á sì jókòó sórí àga."

Ó wá bú sẹ́kún. Sùwéébátù ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ wọn.

"Màámi, ẹ má dá wọn lóhùn," ni Jamilah wí. "Ẹ wọ mọ́tò."

Ó wọ̀ ọ́. Wọn ò tíì dé títì márosẹ̀ tó fi ní kí Jamilah dúró.

"Kí lẹ gbàgbé?"

"Obìnrin yẹn á kú. Kí ni màá sọ fún bàbá rẹ tí mo bá débẹ̀? Pé mo wà lórí àga?"

Jamilah bẹ̀ ẹ́ títí, ó fi fóònù pe àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́, pàbó ni. Sùwéébátù sọ̀ kalẹ̀, ó ń pòṣé bọ̀ nílé. Ó kúnlẹ̀, ó gbé oògùn mì, ó ya ẹnu, ó gbé ahọ́n sókè.

"Ó dáa," ni Alhaja wí. "Lọ ra ọsàn wá."

"Èèmọ̀ rèé! Ẹsẹ̀ ń ro mí, Ìyálé mi!"

"Tètè lọ. Má gun ọ̀kadà o."

"Ìkà obìnrin," ni Sùwéébátù wí nígbà tó kọjá géètì tán, ó sì mú ọ̀nà ọjà pọ̀n.

Alhaja Ròkíátù dúró títí ìró bàtà rẹ̀ fi jìnnà, ó fò sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó sáré dé ojú fèrèsé, ó gbé fóònù sétí, ó ní: "Dókítà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n mú un lọ, ṣùgbọ́n ó ti padà, ó ti lo oògùn rẹ̀, ó ti ń rìn lọ, kò sì tíì fura pé òun ni aláìsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan tí mo lè fi pa ẹ̀yìn, torí ara mi le koko, ìdùbúlẹ̀ yìí ló fẹ́ pa mí."