Rẹ́jísítà Ọjọ́ Ẹtì

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní ọdún, aṣòfin kan jókòó nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ń mu tíì, ó sì ń fọwọ́ sí ìwé. Ọyẹ́ ń fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú fèrèsé. Akọ̀wé rẹ̀ ti to ìwé méjìléláàádọ́ta síwájú rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, gbogbo wọn ló sì ṣófo. Aṣòfin yìí kì í ṣe ìkà ènìyàn. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í ka nǹkan sí. Lójú tirẹ̀, ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú ìwé ti di ṣíṣe nìyẹn.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ rin ìrìn-àjò yẹn ná?" Akọ̀wé ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà! Tí mo bá ń fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọwọ́ mi ò ní bó ni? Ṣáà máa bá mi kọ ọ̀rọ̀ sí i."

Òfin wọn ni pé kí aṣòfin kọ̀ọ̀kan padà sí ìlú tó dìbò yàn án ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kó gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ènìyàn. Bó bá ti fọwọ́ sí ìwé ọ̀sẹ̀ náà pé òun lọ, ìjọba yóò san owó epo ọkọ̀ àti oúnjẹ padà fún un. Pálọ̀ ìyá rẹ̀ ni aṣòfin yìí yàn fún ìpàdé náà. Inú ìyá dùn. Ó to àga mẹ́rìnlá, ó fi aṣọ tútù nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aṣòfin lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: orí fọ́ ọ ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀rẹ́ kan ṣílé ní òmíràn, nígbà tó fi di oṣù kẹta, kò lọ mọ́ rárá. Ìwé kò ṣíwọ́ lílọ ní tirẹ̀, owó náà kò sì ṣíwọ́ wíwọlé.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi pe orúkọ ọmọ kíláàsì láràárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé iṣẹ́ náà. Ó ra rẹ́jísítà kan fún ọjọ́ Ẹtì, ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sókè pátápátá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á kọ "wá" tàbí "kò wá" síwájú orúkọ náà. Kì í kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kó àga wọ̀nyí wọlé," ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún un. Òun ni àkọ́bí, aránṣọ ni, ọ̀dọ̀ ìyá ló sì ń gbé. "Ó ti rẹ àwọn ará ìlú gan-an, wọn ò wá mọ́."

"Fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó pẹ́ kọ́ ni ẹni tí kò wá."

Nígbà tí àìsàn dá ìyá gúnlẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù. "Ọkọ mi, ṣé Fúráìdè yìí lo máa wá?"

"Màmá, iṣẹ́ ìlú ni, ẹ má bínú. Èyí tó ń bọ̀, dandan ni."

"Ó dáa o. Máa jẹun dáadáa."

Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá kú, ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Iwájú onígbàjámọ̀ ni aṣòfin wà nígbà náà, wọ́n ń gé irun rẹ̀. Lẹ́bàá ibojì, ó sunkún, ó ní, "Iṣẹ́ ìlú ni kò jẹ́ kí n wà níbẹ̀." Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo ènìyàn. Akọ̀wé kò ronú, ó kọ ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn bó ṣe ń kọ ìyókù: aṣòfin wà ní pálọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹjọ́ ará ìlú títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ní òpin ọdún, ayẹ̀wé-owó-wò dé. Òfin ló gbé e kalẹ̀ pé kó dá dúró, kó má gba àṣẹ lẹ́nu aṣòfin kankan. Obìnrin kúkúrú ni. Ìgò omi tirẹ̀ ló máa ń gbé kiri, torí kì í mu nǹkan lọ́dọ̀ ẹni tó bá ń yẹ ìwé rẹ̀ wò, ìdí nìyẹn tí àwọn aṣòfin fi sọ ọ́ ní Olómi-Tèmi. Kì í jókòó ti ìwé nìkan. Ibi tí ìwé bá ní nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ lọ. Bó ṣe kan ilẹ̀kùn ìyá nìyẹn, tí ẹ̀gbọ́n aṣòfin gbé rẹ́jísítà fún un láìmọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Olómi-Tèmi pe aṣòfin, akọ̀wé àti ẹ̀gbọ́n jọ sí yàrá kan.

"Ọjọ́ Ẹtì mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ni Olómi-Tèmi wí, "ni màmá kọ 'kò wá' sí."

"Ìwé tí arúgbó ń kọ jókòó sílé!" Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó yọjú wo rẹ́jísítà, ó bẹ̀rẹ̀ sétí ọ̀gá rẹ̀. "Fúráìdè tó kẹ́yìn ṣófo. Ẹ sọ pé ẹ wà níbẹ̀. Tí ìyẹn bá ti dúró, a ó sọ pé arúgbó ti gbàgbé ìyókù."

Olómi-Tèmi nàka sí ojú ewé náà. "Lọ́jọ́ tí màmá kú yìí, ìwé tiyín ní ẹ wà lọ́dọ̀ màmá. Tiwọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ. Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Aṣòfin wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo.

"Àbúrò mi, tó o bá wà níbẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ kẹ́yìn fún wa."

Aṣòfin tẹrí ba. "Mi ò sí níbẹ̀. Mo ń gẹrun ni." Ó gbójú sókè. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n béèrè bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Mo ní rárá."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nípò. Ilé ẹjọ́ ní kó dá gbogbo owó náà padà, wọ́n sì rán òun àti akọ̀wé lẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, àwọn tó ń jókòó lórí àga mẹ́rìnlá yẹn ti yan ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a jà. Ó kàn gbé rẹ́jísítà lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká fi ṣàríkọ́gbọ́n. Ẹni tí ìlú bá yàn, kó lọ síbi tí ìlú ti ń retí rẹ̀, kó má ṣe fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ tí kò tíì ṣe. Bí ẹni tó dá dúró bá wá yẹ̀ wá wò, ká má kà á sí ọ̀tá. Ká ní ó tètè dé ni, bóyá ọmọ ìbá bá ìyá rẹ̀ láàyè. Owó ìjọba ṣeé dá padà, ọkùnrin náà sì ti dá a padà tán. Rẹ́jísítà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀. Àyè tó kẹ́yìn níwájú orúkọ rẹ̀ ṣófo.