Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Fẹ́ Yọ́ Bí Òrí

Ààlọ́ mi fò, ó fò, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ olójúkòkòrò lórí. Ẹ bá mi gbe orin rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rọra gbè é.

Òkété kó ẹ̀pà sínú abà, ó tìlẹ̀kùn pa, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ yí ká. Ihò kan ṣoṣo ló kù, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ yí abà náà po títí, kò rọ́nà wọlé. Nígbà tó padà délé, ó rí òrí ìyàwó rẹ̀ tó yọ́ sínú igbá nínú oòrùn. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, òrí dì padà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Mo ti rí i! Iná á yọ́ mi, n ó gba ihò wọlé, bó bá tutù n ó dì padà. Ẹ̀pà di tèmi."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, iṣu tó jóná lánàá ńkọ́? Èédú ṣì ni títí di ìsinsìnyí."

"Iṣu ò gbọ́n tó mi."

Ó dáná sẹ́bàá abà, ó bẹ́ sínú iná náà. Kò yọ́. Ó jó ni. Èéfín rẹ̀ sì gba ihò wọlé lóòótọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ gbẹ́nu síbi ihò náà, ó ń kọrin:

Baálé mi, ọjọ́ ti rọ̀ o,
Ẹ dì, ẹ dì padà.
Òrí ti dì nínú igbá o,
Ẹ dì, ẹ dì padà.

Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn láti inú abà: "N ò rí ara mi mọ́."

Òkété ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀pà pé, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ààlọ́ mi ti bà sílẹ̀. Bí ẹ bá dáná nínú abà, ẹ wo èéfín dáadáa. Kì í tètè jáde. Ó ń lọ láti igun dé igun, ara rẹ̀ ló ń wá.